Òróró kànáfùrù lè lé eṣinṣin tó ń fi ìdin sínú máńgòrò mi bí?

Tíṣà_Olóko (Ògbómọ̀ṣọ́), ọjọ́ 2 oṣù kẹta, 6:40 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ gbogbo ilé. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, igi máńgòrò méjìdínlógójì tó wà lẹ́yìn ìlú ni mo wá gbájú mọ́ báyìí. Lọ́dún tó kọjá, èyí tó já sílẹ̀ ju èyí tí mo rí kó lọ sọ́jà lọ. Ẹ mú ọ̀kan lọ́wọ́, ara rẹ̀ á dán, á pọ́n dáadáa. Ojú abẹ́rẹ́ kékeré kan ṣoṣo lẹ máa rí lára èèpo, tí omi ń sun níbẹ̀. Ẹ là á, ìdin funfun ti kún inú rẹ̀ bí ìrẹsì. Alájàpá tó máa ń wá kó o láti Ìbàdàn bu ọ̀kan jẹ níṣojú mi, ó tutọ́, ó nu ẹnu. Kò bú mi. Ó kàn ní, "Tíṣà, ó dàbọ̀." Ó dùn mí ju èébú lọ.

Ọmọ mi obìnrin wá fi fídíò kan ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ọkùnrin kan po òróró kànáfùrù mọ́ omi, ó fín in sí igi, ó ní eṣinṣin ò ní sún mọ́ ibẹ̀ mọ́. Mo ti ra ìgò kékeré mẹ́ta, owó rẹ̀ ò sì kéré. Ẹ jọ̀ọ́, mélòó ni kí n fi sí omi lítà kan? Ṣé ti efinrin náà á ṣe é, torí ó kún ẹ̀yìnkùlé mi? Àwọn èso ti tó ẹyin adìyẹ báyìí.

Jagunlabí, 7:02 àárọ̀

Tíṣà, ẹ má fín gbogbo rẹ̀ tán o. Kànáfùrù yẹn dára fún eyín ríro.

Ajé_Òróró, 7:15 àárọ̀

Tíṣà, ibi tó yẹ lẹ dé yìí. Òróró tiwa ń pa eṣinṣin, ó ń pa ìdin, ó ń pa ẹyin rẹ̀, ó tún ń mú èso tóbi. Ìgò mẹ́wàá ló máa tó yín. Ẹ pè mí sórí [mo ti yọ nọ́ńbà yìí. Alábòójútó]

Alábòójútó, 7:31 àárọ̀

Ẹni tó bá fẹ́ ta oògùn apakòkòrò níbí, kó kọ́kọ́ fi nọ́ńbà NAFDAC rẹ̀ hàn. Èyí tó ń pa ẹyin, tó ń pa ìdin, tó tún wá ń mú èso tóbi, ẹ bá mi kí ẹni tó ṣe é.

Onímọ̀_Kòkòrò, 9:20 àárọ̀

Tíṣà, ẹ kú ìnáwó. Kí a tó dé orí ìwọ̀n, ẹ jẹ́ kí n sọ bí eṣinṣin yẹn ṣe ń ṣe iṣẹ́ ibi rẹ̀.

Ìyá eṣinṣin ní nǹkan bí abẹ́rẹ́ ní ìdí. Á bà lé máńgòrò tó ti ń gbó, á ki abẹ́rẹ́ náà bọ abẹ́ èèpo, á yé ẹyin síbẹ̀, á bá tirẹ̀ lọ. Ojú abẹ́rẹ́ tí ẹ rí nìyẹn. Láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta, ẹyin á pa, ìdin á máa jẹ inú lọ. Nígbà tó bá yó, èso ti já. Ìdin á jáde, á rì wọ inú ilẹ̀ abẹ́ igi, kò tilẹ̀ ní jìn ju ìka ọwọ́ yín kan lọ. Ibẹ̀ ni yóò ti di eṣinṣin, tí yóò tún gbéra padà sórí igi yín.

Òróró olóòórùn, èyí tí wọ́n ń pè ní essential oil lọ́jà, orí èèpo ló máa dúró. Èyí tó wà nínú èso ò gbọ́ òórùn kankan. Èyí tó wà nínú ilẹ̀, kò kàn án. Ìyá tó ń bọ̀ wá yé nìkan ni òróró lè bá pàdé, ìyẹn bí òórùn náà bá ṣì wà. Òróró yìí sì máa ń fò lọ ni. Ohun tó ń gbé e dé imú yín náà ló ń gbé e kúrò lórí igi. Nínú oòrùn tiwa yìí, èyí tí ẹ fín ní ìrọ̀lẹ́ òní, tó bá fi máa di ọ̀túnla, ẹ má wá a mọ́.

Mi ò ní kò lágbára o. Èròjà kan tó ń jẹ́ eugenol ló pọ̀ jù nínú ti kànáfùrù. Nínú efinrin ńlá, ó lè jẹ́ thymol, ó lè jẹ́ eugenol, bí irú èyí tó hù lọ́dọ̀ yín bá ṣe rí ni. Citral ló wà nínú ewé tíì, limonene nínú èèpo ọsàn. Gbogbo wọn ló ń da iṣan ara kòkòrò rú tó bá kàn án. Ṣùgbọ́n kòkòrò wẹ́wẹ́ ara rírọ̀ tó jókòó sójú kan tó ń fa omi ewé ló ń jìyà ẹ̀. Eṣinṣin ò ní dúró dè yín.

ÌyáÌbẹ́pẹ (Ìwó), 10:05 àárọ̀

Tíṣà mi, ẹ jẹ́ kí n fi ìtìjú ara mi kọ́ yín lọ́gbọ́n. Ìbẹ́pẹ ni mo ń gbìn. Ọdún kejì rèé tí kòkòrò funfun, èyí tó máa ń dà bíi pé ẹnìkan gbọn èlùbọ́ funfun sára èso, bo oko mi. Ẹnìkan ní kí n lo òróró èèpo ọsàn, ṣíbí tíì kan sí omi lítà kan. Èmi ọlọ́gbọ́n ní ká jẹ́ kó mú wọn dáadáa, mo da ṣíbí mẹ́rin. Ọ̀sán gangan ni mo gbé ẹ̀rọ ìfín kọ́ ẹ̀yìn.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ewé ti dà bí èyí tí wọ́n yan lórí iná. Etí rẹ̀ ká kò, àárín rẹ̀ ní àmì rúsúrúsú bí ibi tí omi gbígbóná ta sí lára ènìyàn. Kòkòrò kú lóòótọ́. Ewé ló sin ín lọ.

Bí mo ṣe ń ṣe é báyìí rèé. Mo máa ń kọ́kọ́ po òróró ṣíbí tíì kan mọ́ ọṣẹ olómi ìfọwo díẹ̀ nínú ìgò, torí òróró ò gbọ́dọ̀ dé inú omi láìsí ọṣẹ, á kàn léfòó ni. Màá bu omi lílọ́ wọ́ọ́wọ́ díẹ̀ sí i, màá mì ín títí á fi funfun bí omi wàrà, ìgbà náà ni màá tó da gbogbo rẹ̀ sínú omi lítà kan. Ọṣẹ dúdú ò dára fún un o, eérú inú rẹ̀ ń jẹ ewé. Màá fín in sí igi kan, màá dúró ọjọ́ méjì kí n wo ewé. Ìrọ̀lẹ́ ni, nígbà tí oyin ti relé, abẹ́ ewé ni mo sì ń fín sí jù, torí ibẹ̀ ni wọ́n ń sá pamọ́ sí. Bí mo bá wà lórí ìlà, mo máa ń mi ẹ̀rọ náà lẹ́yìn bí ìyá ọmọ tó ń rẹ ọmọ, kí òróró má baà ya kúrò lára omi. Ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀mẹta. Èyí tó bá ti di ìdì lára èso, aṣọ ni mo fi ń nù ún kúrò kí n tó fín.

Ó ṣiṣẹ́ fún mi. Kòkòrò tèmi jókòó sójú kan ni o, kì í ṣe eṣinṣin.

Alágbára_Oko, 10:40 àárọ̀

Gbogbo wàhálà yìí! Ọtapíápíá ni ẹ fín sí i, ó tán.

ÌyáÌbẹ́pẹ, 10:44 àárọ̀

Ọmọ mi, ìwọ lo máa jẹ máńgòrò ọ̀hún?

Onímọ̀_Kòkòrò, 10:52 àárọ̀

Ọtapíápíá jẹ́ májèlé fún ènìyàn gẹ́gẹ́ bó ṣe jẹ́ fún kòkòrò. Ẹ má mú un dé ibi oúnjẹ rárá. Ó tún ń pa àwọn agbọ́n kéékèèké tó ń bá wa pa ẹyin àti ìdin eṣinṣin náà.

ỌmọÌlàjẹ, 1:18 ọ̀sán

Lórí efinrin tí Tíṣà béèrè, mo ti ṣe é rí. Nílé wa ní Ìlàjẹ, ògógóró ni bàbá bàbá mi ń se. Dúrọ́ọ̀mù rẹ̀ àti páìpù kọ́pà rẹ̀ ṣì wà. Mo fọ̀ wọ́n dáadáa, mo da omi sí ìsàlẹ̀ dúrọ́ọ̀mù, mo gbé irin alásẹ́ lé e, mo kó efinrin àpò méjì lé orí irin náà kí omi má baà kàn án, mo fi amọ̀ di etí ìdérí. Oru tó gba páìpù kọjá nínú ọpọ́n omi tútù ló ń kán jáde. Omi tó kọ́kọ́ jáde rí bí omi ìfọṣọ, òórùn rẹ̀ gba gbogbo àdúgbò. Òróró wá léfòó lórí rẹ̀, tín-ín-rín, aláwọ̀ ìyeyè, bí ojú ọbẹ̀ tí wọn ò fi epo sí tó.

Àpò méjì, Tíṣà! Òróró tó jáde ò kún ìgò oògùn ikọ́. Igi ìdáná tí mo jó tó èyí tí à bá fi se ọbẹ̀ ìnáwó. Òróró inú ewé tútù kì í sábà tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá ní igi méjìdínlógójì, àfi kó gbin efinrin bí ẹni gbin àgbàdo.

Ohun mìíràn ni pé mo ṣe ti èèpo ọsàn náà, mo da á sínú ife ike. Nígbà tó fi di àárọ̀, ìdí ife ti rọ̀, ó ti lẹ̀ mọ́ tábìlì. Ìgò onígíláàsì nìkan ni kí ẹ lò. Kí ẹ má sì gbé e sún mọ́ iná. Gbogbo wa la ti fún èèpo ọsàn sójú àtùpà nígbà ọmọdé, ẹ rántí bó ṣe máa ń ta pàràpàrà. Òróró yẹn náà ni.

Onímọ̀_Kòkòrò, 2:03 ọ̀sán

O ṣeun ỌmọÌlàjẹ. Ti efinrin àti ti ọsàn máa ń léfòó, ṣùgbọ́n òróró kànáfùrù gidi wúwo ju omi lọ. Tíṣà, ẹ kán díẹ̀ sínú ife omi láti inú ìgò kọ̀ọ̀kan. Bó bá dúró lókè, ẹ fi igi ìṣáná tì í. Èyí tó bá jẹ́ ojúlówó á rì. Èyí tó bá kọ̀ tó ń léfòó, wọ́n ti fi òróró mìíràn lù ú.

Tíṣà_Olóko, 5:30 ìrọ̀lẹ́

Mo ti ṣe é. Méjì rì. Ọ̀kan ń léfòó bí ewé. Ọ̀dọ̀ alátẹ kan náà ni mo ti ra mẹ́tẹ̀ẹ̀ta!

Onímọ̀, àlàyé yín yé mi, ẹ ò bá ṣe tíṣà. Ṣùgbọ́n ẹnìkan níbí sọ fún mi pé kànáfùrù tilẹ̀ ń pe eṣinṣin yìí ni, pé òun ni wọ́n ń fi ṣe pańpẹ́ rẹ̀. Èwo ni ká gbà?

Onímọ̀_Kòkòrò, 8:11 alẹ́

Ẹni yẹn gbọ́ nǹkan, kò kàn gbọ́ ọ tán ni. Eugenol ló wà nínú kànáfùrù. Ohun tí wọ́n ń fi sínú pańpẹ́ ni methyl eugenol. Ọmọ ìyá ni wọ́n, wọn kì í ṣe ẹnìkan náà. Methyl eugenol ń fa akọ eṣinṣin yìí bí oyin ṣe ń fa èèrà, akọ nìkan o. Ó wà nínú òróró irú efinrin kan tí àwọn ará Éṣíà ń gbìn, kì í ṣe efinrin ọbẹ̀ wa. Àwọn tó ń lo pańpẹ́ náà, akọ ni wọ́n fẹ́ pa tán kí abo má rí ọkọ, wọ́n sì tún fi ń mọ ìgbà tí eṣinṣin dé.

Èyí tó sì ń dààmú yín jù, àlejò ni. Éṣíà ló ti wá. Kẹ́ńyà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i ní Áfíríkà ní 2003, kò pẹ́ tó fi dé ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín àti orílẹ̀-èdè Benin. Ní 2005 wọ́n sọ ọ́ ní Bactrocera invadens. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, àwọn onímọ̀ tún gbà pé Bactrocera dorsalis tí wọ́n ti mọ̀ tipẹ́ ní Éṣíà náà ni. Ó tóbi ju eṣinṣin wẹ́wẹ́ tó máa ń bà lé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù, ó jọ agbọ́n, ìlà ìyeyè méjì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Jagunlabí, 8:30 alẹ́

Ti dóńgóyárò ńkọ́? Òun náà kì í ṣe òróró ni?

Onímọ̀_Kòkòrò, 8:41 alẹ́

Òróró ni, ṣùgbọ́n kóró rẹ̀ ni wọ́n ń fún, bí a ṣe ń fún àdí. Kì í fò lọ bíi ti kànáfùrù. Èròjà azadirachtin inú rẹ̀ kì í pa kòkòrò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kì í jẹ́ kó jẹun, kì í sì jẹ́ kó bọ́ awọ dàgbà. Oòrùn ń ba òun náà jẹ́, àmọ́ ó máa ń pẹ́ díẹ̀ sí i lórí ewé.

Ará_Ṣábẹ̀ẹ́ (Benin), ọjọ́ 3 oṣù kẹta, 5:50 àárọ̀

Ẹ kú ọjọ́ gbogbo ẹ̀yin èèyàn wa. Ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ òróró láti àná, ẹnìkankan ò dárúkọ èèrà.

Ẹ mọ èèrà pupa tó máa ń rán ewé pọ̀ ṣe ilé lórí igi, tó jẹ́ pé tó bá gé ènìyàn jẹ, á tún tọ̀ sí ojú ọgbẹ́? Nígbà kan, a máa ń dáná sun ilé wọn. Lẹ́yìn náà ni àwọn olùwádìí wá sí àwọn oko máńgòrò lápá Parakou, wọ́n ka èso igi tí èèrà yìí wà lórí rẹ̀ àti ti èyí tí kò sí. Ìdin kò pọ̀ níbi tí èèrà pọ̀ sí. Wọ́n tún rí i pé máńgòrò tí èèrà yìí ti rìn lórí rẹ̀ rí, ìyá eṣinṣin kì í fẹ́ yé sára rẹ̀, bí èèrà ò tilẹ̀ sí níbẹ̀ mọ́. Òórùn wọn ló ń lé e. Ẹ ò rí i pé òróró ọ̀fẹ́ nìyẹn, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń tún un fín.

Wàhálà rẹ̀ ni ìgbà ìkórè. A máa ń fi eérú pa ọwọ́ àti ọrùn kí a tó gun igi, a ṣì máa ń pariwo.

ÌyáÌbẹ́pẹ, 6:25 àárọ̀

Òótọ́ ni, àmọ́ èèrà náà máa ń sin kòkòrò funfun bí ẹni sin ewúrẹ́, torí omi dídùn tó ń ti ara wọn jáde. Ní oko tèmi, mi ò fẹ́ wọn.

Ará_Ṣábẹ̀ẹ́, 6:33 àárọ̀

Ìyá wa, ẹ ò purọ́. Mo rò pé ti máńgòrò ló bá a mu jù.

Onímọ̀_Kòkòrò, 7:10 àárọ̀

Tíṣà, ohun tí èmi máa ṣe bó bá jẹ́ oko mi nìyí. Àárọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹnìkan ṣa gbogbo èyí tó já sílẹ̀, tó rà tí kò rà, kó sínú ọ̀rá dúdú, di ẹnu rẹ̀ pinpin, kó wà nínú oòrùn fún ọjọ́ mélòó kan. Ooru á pa ìdin. Kòtò tí kò jìn kò dára, wọ́n á jáde níbẹ̀. Èyí tí ọwọ́ bá tó lórí igi, ẹ fi bébà sìmẹ́ǹtì wé e kó tó bẹ̀rẹ̀ sí gbó. Ẹ má tú ilé èèrà. Òróró yín, bí ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ fín in sí igi márùn-ún, kí ẹ fi márùn-ún mìíràn sílẹ̀, kí ojú yín rí i.

Tíṣà_Olóko, ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún, 7:45 alẹ́

Mo padà dé. Mo ṣe é bí iṣẹ́ ilé ìwé. Igi márùn-ún ni mo ń fín ní alẹ́ ọjọ́ kẹta kẹta, ṣíbí tíì kan sí lítà kan, títí ìgò méjèèjì fi tán. Mo ṣa nílẹ̀ kárí gbogbo oko. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ká ogún èso lórí àwọn tí mo fín, mo là wọ́n níkọ̀ọ̀kan: mẹ́fà ní ìdin. Nínú ogún ti àwọn tí n kò fín, méje. Èmi tí mo ti kọ́ ìṣirò fún ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, mo mọ̀ pé ẹyọ kan kì í ṣe ẹ̀rí. Òórùn rẹ̀ sì dára, ìyàwó mi ní oko ń rùn bí ṣọ́ọ̀bù onírun.

Ṣùgbọ́n àwọn igi ọsàn wẹ́wẹ́ mi tí kòkòrò dúdú bò ní orí ewé tuntun, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo fín in sí i, wọ́n tán. Lórí máńgòrò, ṣíṣa ilẹ̀ ló ràn mí lọ́wọ́ jù. Ìdin ti dín sí tèṣí gan-an. Igi kan tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ odi tí ilé èèrà mẹ́rin wà lórí rẹ̀. Nínú mẹ́wàá tí mo là níbẹ̀, kò sí ọ̀kan tó ní ìdin. Ọmọ tó gùn ún bọ́ ṣòkòtò nílẹ̀ níwájú àwọn alájàpá.

Àwọn igi tó wà lápá ìwọ̀ oòrùn ni ìṣòro kù sí. Oko ẹnìkejì mi ló wà níbẹ̀. Bàbá náà ní igi bíi mẹ́wàá, kì í ṣa ohunkóhun. Ó ní àwọn ewúrẹ́ òun ló ń jẹ ẹ́. Eṣinṣin rẹ̀ kàn ń sọdá ni. Kí ni kí n ṣe?

ÌyáÌbẹ́pẹ, 8:20 alẹ́

Ẹ má mú ọ̀rọ̀ eṣinṣin lọ. Ẹ mú obì lọ, kí ẹ ní àwọn ọmọ yín á máa bá a ṣa ilẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Onímọ̀_Kòkòrò, 8:34 alẹ́

Ewúrẹ́ tó bá jẹ ẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ tó já, ó dára, ìdin tí ewúrẹ́ bá jẹ kì í di eṣinṣin. Èyí tí wọ́n bá fi sílẹ̀ di ọjọ́ kẹta ló bàjẹ́, ìdin ti wọlẹ̀ lọ.

Tíṣà_Olóko, ọjọ́ 11 oṣù karùn-ún, 6:15 ìrọ̀lẹ́

Mo lọ. Ó gba obì. Ó ní kí àwọn ọmọ máa ṣa á, ṣùgbọ́n kí wọ́n máa gbé e wá sí ẹnu ọ̀nà ọgbà ewúrẹ́ òun kí aago méje àárọ̀ tó lù, kí òun má baà máa da wọ́n kiri. A bẹ̀rẹ̀ lónìí. Agbọ̀n mẹ́ta ni.

Jagunlabí, 6:22 ìrọ̀lẹ́

Tíṣà, ìgò kẹta tó ń léfòó yẹn ńkọ́?

Tíṣà_Olóko, 6:40 ìrọ̀lẹ́

Mo gbé e padà lọ bá alátẹ. Ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó wò mí, ó ní òun kì í gba ọjà padà.